Wọ́n ní kí n máa mú ọmọ mi jókòó síta nígbà ìsìn: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìrètí

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìsọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ti òní ti kún mi lẹ́nu.

Ọmọ ọdún 7 ni ọmọkùnrin mi. Ọdún 4 ló wà nígbà tí dókítà sọ fún wa pé ọ́tísímù ló ní, ìyẹn ni pé ọ̀nà tí ọpọlọ rẹ̀ ń gbà gba ọ̀rọ̀ àti ariwo yàtọ̀. Kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tó bá gbọ́ tó dùn mọ́ ọn ni yóò máa wí, á tún un wí, á tún un wí. Ó lè gbé ìlà kan ṣoṣo nínú orin ìyìn láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ó fẹ́ràn ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá ti rí i tí mo gbé Bíbélì sórí tábìlì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ gbé bàtà rẹ̀ wá. Àmọ́ bí ìlù bá dún lójijì, ọwọ́ méjèèjì á lọ sí etí, á kígbe, á sì sá. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbá a mú lọ́jọ́ kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, lẹ́yìn ìsìn, ẹni tó ń bójú tó àwọn ọmọdé pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò bínú, kò pariwo. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mú un jókòó síta títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀, torí àwọn ọmọ yòókù ò lè fọkàn sí ẹ̀kọ́ mọ́." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo dúpẹ́ o! Inú ọkọ̀ ni mo dé kí n tó sunkún.

Ọ̀sẹ̀ 5 rèé tí a ò lọ. Ọmọ náà mọ ọjọ́ Ìsinmi. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò gbé bàtà wá síwájú mi, yóò sì dúró.

Ṣé kí n wá ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ni? Bí mo bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, báwo ni mo ṣe máa gbé e kalẹ̀ tí kò fi ní di ìjà? Ọ̀kan tún wà tó ń dùn mí: àwọn kan á ṣàdédé gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n á máa ké mọ́ ọn, òun á sì máa jà kó lè bọ́. Wọ́n á ní ẹ̀mí tó wà nínú rẹ̀ ló ń bá àdúrà jà.

Bàbá Ayọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni. Ọmọbìnrin mi pé ọdún 12, cerebral palsy ló ní, ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ara ṣe bó ṣe fẹ́, orí kẹ̀kẹ́ arọ ló ń jókòó. Mo mọ ẹkún inú ọkọ̀ yẹn.

Ẹ má tíì wá ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn. Ó lè di dandan lẹ́yìn ọ̀la, mi ò ní tan yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fún wọn láǹfààní láti mọ ohun tí wọn ò mọ̀. Ìbẹ̀rù ló pọ̀ jù nínú irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún yín yẹn. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní wákàtí kan láàárín ọ̀sẹ̀. Kó má ṣe jẹ́ lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí olúkúlùkù ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kiri, tí ọmọ sì ń fà yín láṣọ.

Ẹ mú ìwé ojú kan dání. Ojú kan péré o. Tó bá ti di méjì, wọn ò ní kà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ọmọ yín fẹ́ràn àti ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí wọ́n tó dé ibi ohun tó ń dẹ́rù bà á. Lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n máa rí lára rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́, ohun tí wọ́n lè ṣe, ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe. Nínú ti ọmọ mi, ohun tí mo kọ ni pé: "Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ. Bí ẹ bá bi í ní ìbéèrè, ẹ dúró, èsì rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó jáde. Ẹ má ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láìbèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má bi èmi bàbá rẹ̀ ní ohun tí òun fẹ́ mu."

Ìtàn kan wà tí mo fi máa ń ti ara mi lẹ́yìn. Ọmọ ọdún 5 ni Mefibóṣẹ́tì, ọmọ-ọmọ Ọba Sọ́ọ̀lù, nígbà tí olùtọ́jú rẹ̀ gbé e sá, tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì di arọ (2 Sámúẹ́lì 4). Nígbà tí Dáfídì wá a rí, kò ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ sàn. Ó ní ibi tábìlì òun ni yóò ti máa jẹun. Ẹ wo bí orí 9 ṣe parí: ó ń jẹun lórí tábìlì ọba nígbà gbogbo, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ. Inú ẹsẹ kan náà ni wọ́n kọ méjèèjì sí.

Tiwa ò tètè rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 2 ni wọ́n fi ń gbé ọmọ mi àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà sì rò pé inúure ni. Ọjọ́ kan ló sọ fún mi, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, pé, "Dádì, mi ò fẹ́ kí wọ́n máa gbé mi bí ẹrù." Gbólóhùn yẹn ni mo mú lọ sí ìpàdé, mi ò fi nǹkan kan kún un. Káfíńtà kan nínú ìjọ ló fi pákó ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn náà. Àwọn ọkùnrin 4 inú Máàkù 2 náà rí i pé ọ̀nà tó wà nílẹ̀ ò gba ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n bá dá òmíràn lu lórí òrùlé.

Olùkọ́ Kíláàsì Kékeré

Ọdún 11 rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìyá Ìrètí, mo ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí òbí kan rí. Òun náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọn ò padà wá mọ́, mi ò sì lè rí wọn tọrọ àforíjì. Nítorí náà, mo ń kọ èyí bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Bí ọmọ tí a fi nǹkan dù ṣe ń bínú yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó ń ṣe ọmọ tí ariwo ti kún inú orí rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ á máa fi ojú kan wò yín bóyá ẹ ti ń rọ̀. Ìkejì kì í wo ojú ẹnikẹ́ni, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ìbáwí ò lè wọ̀ ọ́ létí. Ẹ dín ọ̀rọ̀ kù, ẹ dín iná kù bó bá ṣeé ṣe, ẹ kó àwọn ọmọ yòókù sún sẹ́yìn, kí ẹnì kan jókòó sílẹ̀ nítòsí rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Á kọjá.

Ní ti kíláàsì, páálí kan ló yí tèmi padà. Mo gé e ní gígùn, mo lẹ àwòrán 5 mọ́ ọn láti òkè dé ìsàlẹ̀: orin, ìtàn, ọ̀dà kíkùn, àdúrà, ilé. Bí a bá ti parí ọ̀kan, ọmọ náà á já àwòrán rẹ̀, á jù ú sínú agolo tó wà nílẹ̀. "Kó!" Ọmọ tó ń béèrè "ilé? ilé?" ní ìṣẹ́jú méjì-méjì tẹ́lẹ̀ kò béèrè mọ́, torí ó ń rí ilé nísàlẹ̀ páálí, ó sì ń rí i pé ó ń sún mọ́ ọn. Kò pẹ́ tí gbogbo kíláàsì fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn náà já àwòrán.

Ẹ tún lè ṣe ìwé ìtàn kékeré fún un nílé. Olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà, Carol Gray, ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní nǹkan bí ọdún 1990. Fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì yín gan-an ni kó wà nínú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ sì kúrú: "Lọ́jọ́ Ìsinmi, a ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìlù á dún. Bó bá pọ̀ jù fún mi, mo lè bo etí mi. Mo lè lọ jókòó ní yàrá tó dákẹ́. Mọ́mì á bá mi lọ." Ẹ jọ máa kà á láàárín ọ̀sẹ̀, kí ìlù má bá a lójijì mọ́. Àwọn ìbotí ńlá tó ń dín ariwo kù, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ibi ẹ̀rọ aláriwo máa ń dé, wúlò gan-an ni. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fi ṣeré nílé. Ẹ jókòó jìnnà sí sípíkà. Ẹ tètè dé kí gbọ̀ngàn tó kún, torí ó rọrùn fún un kí ariwo bá a níbẹ̀ ju kó wọlé bá ariwo lọ.

Ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀yin tó ń ṣètò yàrá tó dákẹ́: àgbàlagbà 2 ni kó máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kí ilẹ̀kùn sì ní gíláàsì tàbí kó wà ní ṣíṣí. Ọmọ tí kò lè ròyìn ohun tí wọ́n ṣe sí i ló yẹ ká ṣọ́ jù.

Ìyá Ìjọ

Pásítọ̀ ni ọkọ mi. Lórí ọ̀rọ̀ gbígbé ọwọ́ lé ọmọ yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, torí mo ti wà nínú àwọn tó ń ṣe é.

Ọmọ tí ara rẹ̀ kì í gba ìfọwọ́kàn, tí àgbàlagbà 4 yí ká, tí wọ́n dì í lórí mú, tí wọ́n sì ń ké, kò sí bí kò ṣe ní jà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dì mí mú bẹ́ẹ̀, èmi náà á jà. Ìjà yẹn la wá ń pè ní ẹ̀mí òkùnkùn. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ ìyá kan.

Nínú Jòhánù 9, àwọn ọmọ ẹ̀yìn béèrè ta ló dẹ́ṣẹ̀ tí ọkùnrin náà fi jẹ́ afọ́jú láti inú ìyá rẹ̀ wá, òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù ní kì í ṣe òun, kì í sì ṣe àwọn òbí rẹ̀. Àwa ṣì ń béèrè ìbéèrè náà, bíi pé a ò rí èsì gbà. Ẹ tún wo Máàkù 7:33. Wọ́n mú adití kan tó ń kólòlò wá, wọ́n ní kí Jésù gbé ọwọ́ lé e. Ó kọ́kọ́ mú un kúrò láàárín èrò lọ sí apá kan. Ó fi ìka kan etí rẹ̀, ó fọwọ́ kan ahọ́n rẹ̀, ó gbé ojú sókè ọ̀run: ó fi ohun tí ojú adití lè rí bá a sọ̀rọ̀. Mo ti ka ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrí i pé ariwo ló kọ́kọ́ mú un kúrò nínú rẹ̀.

Nínú ìjọ wa báyìí, ẹnikẹ́ni kì í gbé ọwọ́ lé ọmọ kankan láìjẹ́ pé òbí gbà, kí ọmọ náà sì fi hàn pé òun gbà. A ṣì ń gbàdúrà fún ìwòsàn, a ò tijú rẹ̀. Àmọ́ a kì í fi ìwòsàn ṣe owó ìwọlé.

Mọ́mì, ẹ há gbólóhùn yìí sórí, kẹ́ ẹ máa sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín: "Ẹ ṣeun, àdúrà yín ṣe pàtàkì fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tẹ́ ẹ wà yẹn ni kẹ́ ẹ ti gbà á, ọwọ́ lórí máa ń dà á láàmú." Kẹ́ ẹ sì rọra bọ́ síwájú rẹ̀. Ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé mìíràn.

Ìyá Sùúrù

Wárápá lọmọ tèmi ní, Máàkù 9 ni wọ́n sì máa ń kà sí mi létí, ibi tí Jésù ti lé ẹ̀mí kúrò lára ọmọkùnrin kan tó máa ń ṣubú lulẹ̀. Mo ti wá ka orí náà fúnra mi títí. Kí Jésù tó ṣe ohunkóhun, ó bi bàbá ọmọ náà pé ó ti tó ìgbà wo tó ti ń ṣe é. Ó jẹ́ kí bàbá náà ròyìn láti ìgbà èwe ọmọ. Kò sẹ́ni tó bi èmi ní ìbéèrè yẹn rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá náà sì sọ ojú abẹ níkòó pé òun gbàgbọ́, kí Jésù ran àìgbàgbọ́ òun lọ́wọ́. Jésù ò lé e dànù nítorí ìyẹn.

Níwọ̀n bí ẹ ti ń kọ nǹkan fún àwọn olùkọ́, ẹ jẹ́ kí n fi èyí sí i, torí ó lè gba ẹ̀mí là. Bí gìrì bá gbé ọmọ nínú ìjọ, ẹ wo aago lójú ẹsẹ̀. Ẹ kó àga àti ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀. Ẹ má dì í mọ́lẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí, ìka tàbí ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kò lè gbé ahọ́n rẹ̀ mì. Bí gbígbọ̀n náà bá ti dáwọ́ dúró, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dùbúlẹ̀ kí itọ́ lè rí ọ̀nà jáde. Bó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, tàbí tí òmíràn bá tún gbé e kó tó ta jí, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ gbàdúrà bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, àmọ́ ẹ máa lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì ní kí ẹ já oògùn rẹ̀ fún ààwẹ̀ tàbí fún ìgbàgbọ́. Jíjá a lójijì lè fa èyí tó burú ju gbogbo èyí tẹ́ ẹ ti rí lọ.

Bàbá Ìbejì

Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ìbejì ni wa nílé, Taíwò ní Down syndrome, ipò tí wọ́n bí i mọ́ ọn tó ń mú kí ẹ̀kọ́ pẹ́ kó tó yé e, Kẹ́hìndé ò ní in. Ọdún 3 la fi tiraka kí Taíwò wà nínú kíláàsì ńlá pẹ̀lú ìkejì rẹ̀. Ó ń jókòó lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn yòókù bá rẹ́rìn-ín, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí ìjọ ṣí kíláàsì kékeré kan, ọmọ 6 péré, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìtàn wálé. Ó ṣe Sákéù fún wa lórí àga! Kí ẹ má sọ fún òbí pé kíláàsì ọ̀tọ̀ ti burú pátápátá. Fún ọmọ mìíràn, ibẹ̀ ló ti máa gbọ́ ìhìnrere.

Olùkọ́ Kíláàsì Kékeré

Ẹ ṣé gan-an sà, mo gbà pẹ̀lú yín ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ìbéèrè tèmi ni pé: ta ló yàn án, ṣé ilẹ̀kùn náà sì ń ṣí síhìn-ín sọ́hùn-ún? Bó bá jẹ́ pé Taíwò ń jáde wá kọrin pẹ̀lú gbogbo ìjọ, tí àwọn ọmọ kíláàsì ńlá náà sì ń wọlé bá a ṣeré, a jẹ́ pé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Èyí tó jẹ́ pé wọ́n kó àwọn ọmọ kan sí yàrá ẹ̀yìn kí ìsìn lè lọ geere, ìyẹn kọ́ là ń sọ. Ní ọdún 1994, ìjọba orílẹ̀-èdè 92 pàdé ní Salamanca ní ilẹ̀ Sípéènì, wọ́n fẹnu kò pé ilé ìwé tí gbogbo ọmọ ń lọ ni kó yí ara rẹ̀ padà kó lè gba ọmọ tó ní àìní àrà ọ̀tọ̀. Ohun tí ìjọba lè fọwọ́ sí, kò yẹ kó ṣòro fún ilé Ọlọ́run.

Bàbá Ìbejì

Ó ń jáde wá. Òun ló ń pín ìwé orin lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ ẹ bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìkí i, yóò dì í mú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa kún un. Wọ́n ní kó tó lè jẹ ẹ́, dandan ni kó ka ìdáhùn gbogbo ìbéèrè ìgbàgbọ́ sórí bíi ti Kẹ́hìndé. Kò lè ṣe é. Alàgbà kan ló gbé àwòrán sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní kó mú ẹni tó kú fún un. Taíwò mú Jésù lórí àgbélébùú, ó fi í sí àyà, kò fẹ́ dá a padà. Alàgbà náà ní òun ti gbọ́ ìdáhùn. Ẹ béèrè fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ tiyín, ẹ má jẹ́ kí àkọ́sórí dí ọmọ lọ́nà.

Etí Ọkàn

Mo ti dàgbà. Adití ni mí láti kékeré, inú ìjọ ni wọ́n sì ti tọ́ mi. Ẹ̀yin òbí ló pọ̀ níbí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọmọ náà sọ tirẹ̀.

Ìyá mi ló ń fi ọwọ́ túmọ̀ ìwàásù fún mi. Ọdún tó lé ní 10 ni ìyá mi ò fi jókòó gbọ́ ìwàásù kan tán fún ara rẹ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ìyẹn ń dùn ún. Ẹ bá mi wo yíká ìjọ yín, kí ẹnì kan kọ́ èdè adití, tàbí kí ẹnì kan jókòó ti ọmọ Ìyá Ìrètí fún ìwọ̀n ìwàásù kan, kí ìyá rẹ̀ náà lè jẹun ẹ̀mí.

Ẹni tó ń wàásù máa ń rìn síwá sẹ́yìn, á kọ ẹ̀yìn sí wa, á fi makirofóònù bo ẹnu. Ètè ni mo ń kà. Ètè tó bá ti fara pamọ́, ọ̀rọ̀ ti sọnù nìyẹn. Àwọn olùkọ́ mi sì máa ń ní ká di ojú wa ká gbàdúrà. Adití tó bá di ojú, ó ti di etí. Inú òkùnkùn ni mo máa ń dúró sí títí ẹnì kan á fi gún mi ní ìgbọ̀nwọ́ pé ó ti parí. Ọmọ ọdún 14 ni mí lọ́jọ́ tí mo rí ẹnì kan tó fi ọwọ́ gba Àdúrà Olúwa. Títí di ọjọ́ náà, mo rò pé ojú dídì gan-an ni àdúrà.

Mọ́mì, ìlà orin tí ọmọ yín ń tún wí yẹn, ẹ máa bá a wí i. Ó lè jẹ́ pé òun ni àdúrà tó ní.

Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni ẹ̀gbọ́n ọmọ kan bí èyí, mo pé 19. Mo nífẹ̀ẹ́ àbúrò mi, ẹnikẹ́ni ò ní kí n sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ láti ọmọ ọdún 8 ni mo ti jẹ́ ẹni tí wọ́n ń pè nígbàkigbà tó bá kígbe ní kíláàsì rẹ̀. Mi ò lọ sí ìpàgọ́ àwọn ọ̀dọ́ rí. Ẹ jọ̀ọ́, bí ìjọ bá ń wá ẹni tí yóò jókòó tì í, kó má jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. Kí dádì tàbí mọ́mì sì mú èmi nìkan jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó.

Ìyá Ìjọ

Mo ń sunkún bí mo ṣe ń ka tìrẹ, ọmọ mi. O ṣeun tó o sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìjọ tó ń ka èyí, ẹ yéé sọ fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀ pé "bẹ́ ẹ bá nílò nǹkan, ẹ pè wá." Wọn ò ní pè. Ẹ sọ pé, "Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ ní aago 4, mo máa wà pẹ̀lú rẹ̀ kẹ́ ẹ fi sùn díẹ̀." Nígbà tí wòlíì Èlíjà ní kí òun kú, oorun àti oúnjẹ ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ fún un, lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀rọ̀ kankan tó tẹ̀ lé e.

Ìyá Ìrètí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti lọ.

Ọjọ́rú la ṣe ìpàdé náà, mo mú ìwé ojú kan yẹn dání. Ẹni tó ń bójú tó àwọn ọmọdé kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá gbé e sílẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọjọ́ tó sá dé ẹnu ọ̀nà yẹn, mo rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lójú títì. Mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà." Mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi rò pé ó kórìíra ọmọ mi. A jọ wá ọ̀nà sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn: bàbá àgbà kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn ní òun á máa gbé àga òun sí ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, a dé kí èrò tó dé. Gbọ̀ngàn ṣófo. Mo bẹ onílù pé kó jẹ́ kí ọmọ mi fọwọ́ kan ìlù náà. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí awọ ìlù, onílù fi ìka kan ṣoṣo lù ú, pẹ́lẹ́. Ọmọ mi yọ ọwọ́, ó wo ọwọ́ náà, ó sì tún dá a padà. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n ṣe é. Ìgbà tí ìlù wá dún gidi, ó gbé ọwọ́ sétí, ó wo ojú mi, ó sì fa ìbotí rẹ̀ jáde nínú báàgì fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú 35 la lò kó tó ní "ilé". A sì lọ sílé.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dán o. Ìyá kan gbé ọmọ tirẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó sì dùn mí. Òmíràn ń bọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ nínà sókè, mo bá sọ gbólóhùn Ìyá Ìjọ. Ó dúró. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ní òun á máa gbà á nílé.

Olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, mo ti ń ṣe páálí náà. Àwòrán wo lẹ lò fún àdúrà? Ọwọ́ méjì tó pàdé ni mo yà, ó rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

Olùkọ́ Kíláàsì Kékeré

Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ! Ẹ má yà á lọ́wọ́. Ẹ fi fóònù ya òun fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń wí ìlà orin rẹ̀ yẹn lálẹ́, kẹ́ ẹ lẹ fọ́tò náà mọ́ páálí.

Ìyá Ìrètí

Kì í di ojú nígbà yẹn o. Àjà ilé ló máa ń wò.

Etí Ọkàn

Ẹ yà á bẹ́ẹ̀, mọ́mì.